Ẹ wọn sulphonic yín kí ẹ tó po ọṣẹ

Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà ládùúgbò wa ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò gbàgbé. Oṣù mélòó kan ni mo ti ń po ọṣẹ olómi tà nígbà náà. Ó ké sí mi lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi, mo rí i pé awọ àárín ìka rẹ̀ ti funfun, ó ń ṣí, ó sì ti sán létí èékánná. Ó ní, "Àbúrò, ọṣẹ rẹ ń hó dáadáa, àwo mi sì ń mọ́, ṣùgbọ́n wo ohun tó fi ọwọ́ mi ṣe." Kọ́sítíìkì (caustic soda) ló pọ̀ jù: òun ni a fi ń pa agbára sulphonic, ásíìdì tí à ń sọ di ọṣẹ. Agolo mílíìkì ni ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n, agolo mílíìkì náà ni èmi náà gbé. Kò purọ́ fún mi. Kọ́sítíìkì tirẹ̀ àti sulphonic tirẹ̀ ni agolo yẹn bá mu, tèmi yàtọ̀.

Látìgbà náà, n kì í po garawa kan láìkọ́kọ́ dán sulphonic wò. Ìdánwò ọ̀hún kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, irinṣẹ́ rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe é dáadáa ní láti mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì sulphonic?

Omi aláwọ̀ ilẹ̀ tó ki bí oyin ni sulphonic tí wọ́n ń tà fún wa ní Ọjọ́ta. LABSA (linear alkylbenzene sulphonic acid) ni wọ́n ń kọ sára dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Ká ní ojú lè rí mólékù rẹ̀ kan ṣoṣo, ohun mẹ́ta la máa rí. Àkọ́kọ́ ni ìrù gígùn, kábọ̀n bíi mẹ́wàá sí mẹ́tàlá tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀; ìrù yìí kórìíra omi, epo ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èkejì ni orí tó jẹ́ sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) àti ọ́síjìn. Omi ni orí fẹ́ràn ní tirẹ̀. Ohun kẹta ló so àwọn méjèèjì pọ̀: òrùka benzene.

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pe gbogbo ìdílé tó ní irú òrùka yìí ní aromatic. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà ṣì yín lọ́nà. Lára oje igi olóòórùn dídùn àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí díẹ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Lónìí, òórùn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ohun tí kò lóòórùn rárá lè jẹ́ aromatic, lọ́fínńdà sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òrùka ni wọ́n ń wò.

Michael Faraday ló kọ́kọ́ yọ benzene sọ́tọ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1825. Kábọ̀n mẹ́fà àti háídrójìn mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀. Háídrójìn yẹn kéré fún kábọ̀n mẹ́fà, ẹni tó bá mọ kẹ́mísírì á sì retí pé kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa fi ìwàǹwára fa nǹkan mìíràn mọ́ra. Benzene kò ṣe bẹ́ẹ̀, jẹ́jẹ́ ló jókòó. Ọdún 1865 ni August Kekulé dábàá pé kábọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ara wọn lọ́wọ́ mú yípo. Nígbà tí wọ́n wá rí ọ̀nà láti wọn àlàfo àárín wọn, 139 picometre (ìwọ̀n tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn inú mólékù) ni gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó gùn ju ìkejì lọ. Ìdè kábọ̀n ẹlẹ́yọ kan máa ń tó 154, ìdè oníbejì máa ń jẹ́ 134. Ti òrùka bọ́ sáàárín méjèèjì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà ni kábọ̀n mẹ́fà náà jọ ni, bí owó ẹgbẹ́ tó wà nínú àpò kan: kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó lè dá tirẹ̀ yọ, àpò náà sì ni agbára ẹgbẹ́.

Ìdí nìyí tí òrùka kì í fi fẹ́ kí ohunkóhun tú àpò yẹn. Bí àlejò bá dé, háídrójìn kan ni òrùka máa ń tú sílẹ̀, á fi àlejò sí ipò rẹ̀, àpò á sì wà bó ṣe wà. Pàṣípààrọ̀ yìí ni gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń lo benzene gbára lé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń ṣe é kí sulphonic tó jáde.

Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á fa ìrù yọ láti inú kẹrosíìnì, wọ́n á sì fi í rọ́pò háídrójìn kan lára benzene. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni LAB, òróró tí kò láwọ̀. Ilé-ìfọpo Kàdúná ní ẹ̀ka tí wọ́n kọ́ fún èyí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1988, tí wọ́n retí pé kó máa ṣe 30,000 tọ́ọ̀nù LAB lọ́dún kan. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á da òróró yìí kó máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára ògiri inú páìpù, wọ́n á fẹ́ gáàsì SO₃ (sọ́fọ̀ kan pẹ̀lú ọ́síjìn mẹ́ta) tí wọ́n fi atẹ́gùn gbígbẹ là sí i. Sọ́fọ̀ inú gáàsì náà ń wá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lójú méjèèjì, òrùka sì ní in lápò. Wọ́n á so, háídrójìn á kúrò níbi tó wà. Òdìkejì ìrù gan-an ni orí máa ń bọ́ sí jù, nítorí ìrù ló ń darí rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ti dí àyè ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ooru iṣẹ́ yìí pọ̀ débi pé omi tútù gbọ́dọ̀ máa yí páìpù ká láìdúró. Bí ooru bá jà wọ́n lójú, sulphonic á dúdú.

Ẹ má gbìyànjú ìpele méjèèjì yẹn nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù. SO₃ ń jó ẹ̀dọ̀fóró, benzene fúnra rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Sulphonic tó ti parí ni tiwa, ibi tó parí sí nílé-iṣẹ́ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrù yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Àdín tí àwọn ìyá wa ń fi se ọṣẹ dúdú pẹ̀lú eérú èèpo kòkó, ìrù oníkábọ̀n méjìlá ló pọ̀ jù nínú ọ̀rá rẹ̀. Orí ni wọ́n fi yàtọ̀. Bí omi bá ní ásíìdì díẹ̀, orí ọṣẹ àdín á gbà á mọ́ra, ọṣẹ á sì padà di ọ̀rá tó ń léfòó. Orí sulphonic tó rọ̀ mọ́ òrùka kì í tètè juwọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Irinṣẹ́ àti ààbò

Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka 0.01 gíráàmù, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, òṣùwọ̀n ńlá fún kílò, sírínjì 20 mílílítà tuntun, igò tàbí ike méjì oníwọ̀n lítà kọ̀ọ̀kan, ife tí ó mọ́ gaara, bébà pH (tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tó), àti phenolphthalein, omi kékeré inú igò tó ń pọ́n nígbà tí kọ́sítíìkì bá borí, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò láàbù. Garawa yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ike. Kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ̀mù, ó sì ń tú gáàsì tó lè gbaná jáde lára rẹ̀, nítorí náà ìkòkò alumíníọ̀mù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ yìí.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó ga dé ọrùn ọwọ́ àti awò tó bo ojú yípo. Kọ́sítíìkì ni ẹ ń dà sínú omi, ẹ kò gbọ́dọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí, á ru sókè, á sì ta sí ojú yín. Bí èyíkéyìí bá ta sí ara, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ ojú ni, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Ohun kan tí mo ń bẹ̀ yín: ẹ má fi ìgò mínírà tàbí ti omi mímu tọ́jú kọ́sítíìkì tó ti yọ́. Ọmọdé á rò pé omi ni.

Ìdánwò: mélòó ni kọ́sítíìkì tí sulphonic yín ń fẹ́?

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ jù.

Ẹ wọn kọ́sítíìkì 4 gíráàmù, ẹ yọ́ ọ nínú omi díẹ̀, ẹ wá fi omi kún un títí tí gbogbo rẹ̀ fi di lítà kan gẹ́lẹ́. Kọ́sítíìkì tí ẹ máa fi po ọṣẹ gan-an ni kí ẹ lò. Kọ́sítíìkì ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tó ti pẹ́ nínú àpò tó ṣí sílẹ̀ lè má lágbára tó ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ìdánwò, àbùkù rẹ̀ ti wọ inú ìṣirò náà, ẹ kò ní wá a lọ́tọ̀ mọ́.

Ẹ wọn sulphonic 10 gíráàmù sínú ife, ẹ fi omi yọ́ ọ jẹ́jẹ́, ẹ dà á sínú igò kejì, ẹ ṣan ife náà sínú rẹ̀, kí ẹ wá fi omi kún un dé lítà kan. Ẹ má gbọ̀n ọ́n jù, yóò hó, ẹ kò sì ní rí ojú ìwọ̀n mọ́. Ẹ wọn 100 mílílítà nínú rẹ̀ sínú ife mímọ́. Sulphonic gíráàmù kan péré ló wà nínú ife yẹn. Ẹ kán phenolphthalein mẹ́ta sí i. Kò ní yí àwọ̀ padà.

Ẹ gbé ife náà sórí bébà funfun. Ẹ fa omi kọ́sítíìkì sínú sírínjì, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sínú ife, kí ẹ máa yí ife náà jẹ́jẹ́. Mílílítà 20 àkọ́kọ́ lè yára, sírínjì kan gbáko nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ń sún mọ́ ọn, ibi tí ẹ̀kán bá bọ́ sí á yọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó, á fà tínínrín yíká ife, á pòórá. Ẹ dúró. Ẹ kán òmíràn. Yóò pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó pòórá. Ẹ̀kán tó bá mú kí gbogbo ife pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sì parẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, òun ni òpin. Ẹ kọ iye mílílítà sílẹ̀. (Òrùka benzene mẹ́ta ló wà nínú phenolphthalein. Nígbà tí kọ́sítíìkì bá borí, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn á rí ọ̀nà kọjá láti òrùka kan sí èkejì, ìyẹn gan-an ni pupa tí ojú wa ń rí.)

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìkan bá fi ju mílílítà kan yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ẹ ju ti ìkan yẹn nù, kí ẹ tún un ṣe.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Mílílítà kan omi kọ́sítíìkì yẹn gbé 0.004 gíráàmù. Bí ẹ bá lo 33 mílílítà fún sulphonic gíráàmù kan, 0.132 gíráàmù kọ́sítíìkì lẹ lò. Fún kílò kan, 132 gíráàmù. Iye mílílítà lọ́nà mẹ́rin ni gíráàmù kọ́sítíìkì fún kílò sulphonic kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sulphonic tó dára, èyí tí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, máa ń bọ́ sí nǹkan bí 32 sí 34. Bí tiyín bá jẹ́ 26, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi omi lù ú, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lẹ rà. Bí ó bá fò kọjá 36, ẹ fura sí i gan-an: ásíìdì bátìrì, ìyẹn sulphuric acid, ti pọ̀ nínú rẹ̀. Gíráàmù kan rẹ̀ ń jẹ kọ́sítíìkì bí ìlọ́po mẹ́fà ti sulphonic, kò sì ní hó rárá. Mo ti ra irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé; ìwọ̀n ìdánwò jẹ́ 41. Mo gbé e padà, mo sì fi ìwé tí mo kọ ìṣirò sí hàn án. Kọ́sítíìkì tó ti gba ọ̀rinrin náà lè gbé iye yìí sókè, nítorí náà ẹ fi kọ́sítíìkì tuntun dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà.

Pípo lítà mẹ́wàá

Sulphonic kílò kan, kọ́sítíìkì tí ìdánwò yín sọ, Texapon (ohun ìfọ̀ tó ki, tó ń mú ọṣẹ hó) 300 gíráàmù, iyọ̀ tí kò ju 200 gíráàmù, phenoxyethanol (tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ bàjẹ́) 70 gíráàmù, lọ́fínńdà 30 gíráàmù bí ẹ bá fẹ́. Omi ló kù. Omi òjò tàbí omi tí kì í dá funfun sí ìdí kẹ́tùlù ló dára jù. Omi kànga olókùúta máa ń dín ìhó kù.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ da Texapon sínú omi lítà mẹ́ta, ẹ rò ó díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹni tó bá ń fi ipá rò ó lójú ẹsẹ̀, ìhó nìkan ló máa rí, kókó á sì wà nísàlẹ̀.

Láàárọ̀, ẹ yọ́ kọ́sítíìkì nínú omi lítà kan nínú ike, ẹ jẹ́ kó tutù. Nínú garawa mìíràn, ẹ bu omi lítà mẹ́rin, ẹ da sulphonic sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi igi rò ó títí kókó kankan kò fi sí mọ́. Ẹ wá da omi kọ́sítíìkì sí i bí okùn tín-ín-rín, ẹ má dáwọ́ rírò dúró. Garawa á lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi aláwọ̀ ilẹ̀ á sì máa mọ́ bọ̀, á di bí omi èso òroǹbó. Nígbà tí omi kọ́sítíìkì bá ku nǹkan bí ife kan, ẹ dúró, ẹ ki bébà pH bọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ṣíbí ni ẹ ó máa fi bu ú. Ẹ ń wá 7 sí 8. Bí ó bá fò kọjá 8, sulphonic díẹ̀ ni ẹ ó fi fà á bọ̀.

Àwọn kan ń lo sóda àáṣì dípò kọ́sítíìkì. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tó 175 gíráàmù fún kílò kan, ó sì ń tú gáàsì jáde. Mo da tèmi lẹ́ẹ̀kan náà rí, ọṣẹ kún ilẹ̀ ju inú garawa lọ.

Ẹ da Texapon tó ti yọ́ mọ́ ọn. Ọṣẹ ṣì máa ń ṣàn bí omi nígbà yìí, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ yọ́ iyọ̀ nínú omi díẹ̀, ẹ bu ú sí i ní ife kékeré kékeré, ẹ rò ó, ẹ dúró, ẹ wò ó. Ojijì ló máa ń ki. Ẹni tó bá tún fi iyọ̀ kún un lẹ́yìn ìgbà náà á rí i pé ó tún ń ṣàn padà, ó sì ń dà bí omi ìrẹsì. Kò sí bí a ṣe ń yọ iyọ̀ kúrò, àfi ká fi ọṣẹ tí kò níyọ̀ là á. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi kún un dé lítà mẹ́wàá.

Nípa ohun tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ bàjẹ́: formalin ni ọ̀pọ̀ ń lò, mo sì rọ̀ yín kí ẹ jáwọ́. Ó ń fa jẹjẹrẹ fún ẹni tó ń fà á símú lójoojúmọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pò ó sì lẹ wà lójú rẹ̀ jù. Sodium benzoate tí wọ́n ń fi sínú ohun mímu kò wúlò níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ òrùka lòun náà: inú ohun kíkan ló ti ń pa kòkòrò, ní pH 7 ó ti di iyọ̀ lásán. Phenoxyethanol, tó ní òrùka benzene tó so mọ́ ọ́síjìn, ń ṣiṣẹ́ nínú kíkan àti nínú ohun tí kò kan. Ó wọ́n jù, mo mọ̀. Ẹ rò ó mọ́ ọṣẹ dáadáa.

Omi tí ẹ fi ṣan garawa

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ìhó bo odò ní Jámánì, ní Bìrìtìkó àti ní Amẹ́ríkà, ó ga ju ènìyàn lọ níbòmíràn. Irú sulphonic tí wọ́n ń lò nígbà náà, ẹlẹ́ka ni ìrù rẹ̀, kòkòrò inú omi kò rí ibi jẹ ẹ́. Jámánì fòfin dè é láti 1964, Amẹ́ríkà yí padà ní 1965, gbogbo wọn bọ́ sórí ìrù títọ́ tí à ń lò lónìí. Láti ìdí ìrù ni kòkòrò ti ń jẹ ẹ́, wọ́n á jẹ ẹ́ dé òrùka, wọ́n á sì fọ́ òrùka náà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni wọ́n nílò. Nínú gọ́tà tó dá dúró, tó ti ń rùn, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó jẹrà. Ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń pa, tó jìnnà sí kànga, ni mo máa ń da ìṣanwọ́ mi sí, díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó ta garawa tuntun, ẹ bu ọṣẹ náà sínú ìgò kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́, iye mílílítà ìdánwò àti pH sára rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti pa á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wò ó bóyá ó pín sí méjì tàbí ó ti ń rùn, kí ẹ sì tún ki bébà pH bọ̀ ọ́. Ìyá olọ́fadà ṣì ń rà á lọ́wọ́ mi. Ìgò tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rọ.